Ditchburn: Ọkọ̀ Onígi Tí Ọ̀wọ́n Owó Dá Dúró

Láti Springdale níbí, mo wa mọ́tò lọ sí Gravenhurst, ní Muskoka, níbi tí ìdílé Ditchburn ti kan ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dé, wọ́n fi igi mahogany, ìbátan ọ̀gánwó wa, kan ọkọ̀ fàájì fáwọn olówó. Àmọ́ lẹ́yìn 1929, ọrọ̀ ajé dojú dé. Kó tó di 1940, Ditchburn ti kógbá sílé. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ò bàjẹ́ o. Oníbàárà ló tán.

Ọ̀rọ̀ yìí bá mi wí. Aṣọ òde nìkan ni mò ń rán tẹ́lẹ̀. Mo ti fi aṣọ iléèwé kún un báyìí.

Ọ̀rọ̀ tòní: kógbá sílé. Ìyẹn ni pé okòwò parí.