Oògùn Ọkàn àti Àrùn Jẹjẹrẹ

Ṣé lóòótọ́ ni pé oògùn ọkàn lè dènà jẹjẹrẹ? (Saratáànù ni àwọn Lárúbáwá ń pè é, orúkọ kan náà tí wọ́n ń pe akàn.) Ìdáhùn wa ni pé ó ní ẹni tí ó ràn lọ́wọ́, ó sì ní ẹni tí ó lè pa lára.

Ẹ jẹ́ kí á mú asipirín, tí àwọn dókítà ń fún ọ̀pọ̀ alárùn ọkàn kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì nínú iṣan wọn. Àwọn ìdílé kan wà tí wọ́n jogún àbùkù ara tí à ń pè ní Lynch. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá a máa tètè mú wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n John Burn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó 861 irú wọn jọ. Wọ́n fún apá kan ní asipirín miligíráàmù 600 lójúmọ́ fún nǹkan bí ọdún méjì, wọ́n sì fún apá kejì ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Wọn kò kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ kankan. Ọdún ń gorí ọdún kí ó tó hàn: nínú àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ní 2020, jẹjẹrẹ ìfun mú 40 nínú 427 tó lo asipirín, ó mú 58 nínú 434 tí kò lò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èkejì. Ní Ọsirélíà àti Amẹ́ríkà, wọ́n fún àwọn àgbàlagbà tí ara wọn le ní miligíráàmù 100 lójúmọ́. Àwọn tí wọ́n dán an wò lára wọn lé ní 19,000, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ní 2018 ni àbọ̀ jáde: àwọn tí jẹjẹrẹ pa láàárín àwọn tó lo asipirín ló pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà nínú wọn ju ti àwọn yòókù lọ. Oògùn kan náà ni o!

Nítorí náà, bí ìyá yín bá wà lẹ́nu ìtọ́jú jẹjẹrẹ, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hóró asipirín gbà á lọ́wọ́ dókítà. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà á nínú láìmọ̀.

Propranolol ńkọ́? Ní 2008, àwọn dókítà Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé kéde pé ó ń sọ kókó pupa ara ọmọ ọwọ́ di kékeré. Kókó yẹn kì í ṣe jẹjẹrẹ rárá. Bí ẹni tó ní ikọ́ fée bá sì gbé oògùn náà mì, èémí rẹ̀ lè há.