Yíyẹ Ọ̀nà Lórí Òkè Blue Ridge: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Fi Òpin Ọ̀sẹ̀ Ṣe Ọ̀wẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Bowie, Lanham, Hyattsville tàbí ní ìhà Virginia tó sún mọ́ Washington, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti wakọ̀ gba abẹ́ Appalachian Trail kọjá láìfura. Lórí títì I-70, láàárín Frederick àti Hagerstown, afárá tóóró kan wà lókè tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ọ̀nà tó gba orí afárá yẹn bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè Springer ní Georgia, ó la ìpínlẹ̀ 14 já, kò sì dúró títí ó fi dé orí òkè Katahdin ní Maine. Ó lé ní 2,190 máìlì. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń yẹ ẹ́ kì í gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn ṣe é ní Sátidé kan, tàbí kó sun ibẹ̀ di Sọ́ńdè, ni mo kọ èyí fún.

Ọdún 1921 ni Benton MacKaye dábàá ọ̀nà náà. Wọ́n dá àjọ tó ń bójú tó o sílẹ̀ ní 1925, nígbà tó sì di 1937, ọ̀nà náà ti já láti òpin kan dé èkejì. Ẹgbẹ́-ẹgbẹ́ ni wọ́n pín iṣẹ́ rẹ̀ fún. Potomac Appalachian Trail Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927, ló ń tọ́jú apá tó sún mọ́ wa: nǹkan bí 240 máìlì, láti Pine Grove Furnace ní Pennsylvania dé Rockfish Gap ní Virginia. Nǹkan bí 41 máìlì tó wà ní Maryland wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà sì ni èyí tó gba inú ọgbà ìjọba Shenandoah kọjá ní Virginia. Mo máa ń gbọ́ tí àwọn ará wa ń bèèrè pé kí ló kàn wá nínú igbó òyìnbó. Owó orí wa wà nínú ọgbà yẹn, àwọn ọmọ wa ń ṣeré níbẹ̀, ọ̀wẹ̀ kò sì ṣàjèjì sí ẹni tó bá dàgbà sí abúlé. Ibẹ̀ tọ́ sí wa.

Kàlẹ́ńdà iṣẹ́ wà lórí ìkànnì ẹgbẹ́ náà. Kò pọn dandan kí ẹ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, kò sì sí ẹni tó máa bi yín bóyá ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ kọ̀wé sí olórí iṣẹ́ ṣáájú, ẹ má kàn yọ sí wọn lójijì. Ẹ bi í léèrè ibi tí ẹ ó ti pàdé, bóyá ẹ lè jọ wọ ọkọ̀ kan náà, àti bí ìrìn ṣe jìnnà tó kí ẹ tó débi iṣẹ́. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ni kí ẹ má gbàgbé, nítorí máìlì méjì ní òkè pẹ̀lú dígà lọ́wọ́ máa ń tán agbára ẹni kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní Shenandoah, wọ́n ń gba owó lẹ́nu ibodè. Ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún àwọn tó wá ṣiṣẹ́. Olórí iṣẹ́ á fún yín ní fọ́ọ̀mù láti fọwọ́ sí. Ẹ kà á, kí ẹ sì fọwọ́ sí i láàárọ̀ kí ẹ tó mú ohunkóhun dání, torí òun ló ń jẹ́ kí ìjọba lè tọ́jú ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Òbí ló máa fọwọ́ sí ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.

Ní ti aṣọ, ṣòkòtò gígùn, ẹ̀wù alápá gígùn àti bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Tí òtútù bá wà, ẹ fi jíǹsì sílé. Bí omi bá ti rin ín, kì í tètè gbẹ. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ aláwọ, oúnjẹ ọ̀sán, àti omi tó tó lítà méjì sí mẹ́ta. Ẹgbẹ́ náà ló máa ń kó irinṣẹ́ àti akoto wá.

Ẹni tí kò bá tíì lọ rí lè rò pé igi tó wó dábùú ni olórí ìṣòro. Omi ni. Ọ̀nà tó bá dà gẹ̀rẹ́ kì í pẹ́ di ojú àgbàrá. Omi á wọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ, gbòǹgbò àti òkúta á yọrí, àwọn tó ń kọjá á máa yà fún ẹrẹ̀, ọ̀nà tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì á di mẹ́fà, gbogbo ohun tó ń hù létí rẹ̀ á sì kú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri igi tàbí òkúta mọ́lẹ̀ ní ìdagun, láti ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀nà dé èkejì, kó lè darí omi sí ìsàlẹ̀ òkè. Waterbar ni wọ́n ń pè é. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kíkó ìdọ̀tí ẹ̀yìn rẹ̀ ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé lé yín lọ́wọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Lápá òkè igi náà, ewé gbígbẹ àti iyẹ̀pẹ̀ á ti kún dé etí. Ẹ fi réèkì kó ewé. Ẹ wá fi ọkọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ títí ara igi á fi hàn dáadáa, kí ilẹ̀ iwájú rẹ̀ sì dà díẹ̀díẹ̀ sí ìhà ìsàlẹ̀. Ẹ má gbẹ́ kòtò tóóró; ẹsẹ̀ á há sí i, ewé á sì tètè dí i. Kó fẹ̀, kó tẹ́jú. Ẹnu ibi tí omi ń gbà jáde ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń gbàgbé: ẹ là á jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò fi ní ṣẹ́rí padà wá bá ọ̀nà nísàlẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ tí ẹ wà kì í ṣe ìdànù. Ẹ kó o sí apá ìsàlẹ̀ igi náà, kí ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó le. Tí ẹ bá ṣe tán, ẹ da omi díẹ̀ síbẹ̀ kí ẹ wo ibi tó máa gbà. Tó bá dúró lójú kan, iṣẹ́ kù.

Irinṣẹ́ wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa. Pulaski jẹ́ àáké lójú kan, ọkọ́ tóóró lójú kejì. McLeod jẹ́ ọkọ́ fífẹ̀ lápá kan, réèkì onírin lápá kejì. Ẹ má gbé ìkankan nínú wọn kọ́ èjìká bí a ti ń gbé ọkọ́ lọ sóko. Ẹ mú un lọ́wọ́, ní ìhà tí ilẹ̀ dà sí, kí ẹ lè jù ú nù bí ẹsẹ̀ bá yọ̀. Ẹ jìnnà síra ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ó kéré tán, kí ẹ má sì kọjá lẹ́bàá ẹni tó ń ju àáké àyàfi tó bá ti rí yín tó sì dúró.

Tí wọ́n bá ní kí ẹ gé ẹ̀ka, ohun tí wọ́n fẹ́ ni àyè tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, tó ga ní mẹ́jọ. Ẹ gé ẹ̀ka súnmọ́ ìdí rẹ̀, ẹ má fi kùkùté ṣóńṣó sílẹ̀ tó máa gún ènìyàn lójú. Àmì funfun tó gùn ní íǹṣì mẹ́fà, tó fẹ̀ ní méjì, ni arìnrìn-àjò fi ń mọ̀nà. Méjì lórí ara wọn sọ pé ọ̀nà fẹ́ yà. Àmì búlúù wà fún àwọn ọ̀nà ẹ̀gbẹ́. Ẹ má fi ewé kankan sílẹ̀ lójú wọn, ẹ má sì kun ọ̀dà tuntun láìgbàṣẹ.

Ayùn oní-ẹ̀rọ kì í ṣe fún àlejò. Àwọn tó ti kọ́ ọ tí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí nìkan ló ń fọwọ́ kàn án. Níbi tí wọ́n ti dá igbó sọ́tọ̀ lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1964, tí wọn kì í gba ẹ̀rọ láyè, bí ó ti rí ní apá kan Shenandoah, ayùn ọlọ́wọ́ méjì ni wọ́n ń lò. Tí wọ́n bá fún yín ní ẹ̀gbẹ́ kan mú, ẹ fà, ẹ má tì. Ẹnìkejì ló máa fà á padà.

Eégbọn ni kí ẹ bẹ̀rù ju béárì lọ. Òmíràn kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, òun ló sì ń kó àìsàn Lyme ranni. Ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ ìbọ̀sẹ̀. Bí ẹ bá délé, ẹ wẹ̀, kí ẹ yẹ abíyá, ẹ̀yìn orúnkún àti ìdí irun wò. Ìwé ìlera máa ń sọ pé ara á pupa yípo ojú ibi tó jẹ. Lára adúláwọ̀, pípupa náà kì í hàn ketekete, ó lè dúdú bí ojú ibi tí a fi gbá nǹkan. Nítorí náà, bí ibà tàbí oríkèé ríro bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé ẹ wọ igbó, kódà bí ẹ kò rí ohunkóhun lára. Ewé kan tún wà, poison ivy, tó máa ń ní ewé mẹ́ta-mẹ́ta lórí ọ̀pá kan. Ẹni tí wèrèpè bá ti jà rí yóò mọ irú ìyà tí mò ń sọ, àmọ́ tiwọn lè má bẹ̀rẹ̀ sí í yún ẹni títí di ọjọ́ kejì. Ọṣẹ àti omi tútù ni kí ẹ tètè fi fọ ọwọ́.

Tí iṣẹ́ bá gba ọjọ́ méjì, wọ́n sábà máa ń jọ jẹun ní alẹ́ Sátidé, kálukú pẹ̀lú ohun tó gbé wá. Mọ́ínmọ́ín dára fún èyí, ó sì dára fún ọ̀sán lórí òkè náà, nítorí kò dìgbà tó bá gbóná kó tó dùn. Ẹ dín ata rẹ̀ kù, kí ẹ sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, pàápàá edé àti ẹyin. Àgbàlagbà ẹni àádọ́rin ọdún lè ní kí ẹ máa pe òun lórúkọ. Ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn. Bí olórí iṣẹ́ bá sì jẹ́ ọmọdé sí yín, tirẹ̀ ni àṣẹ.

Ẹni tí iṣẹ́ náà bá wọ̀ lára lè gba ibì kan tó máa jẹ́ tirẹ̀ láti bójú tó, tó sábà máa ń jẹ́ máìlì kan tàbí méjì. Alábòójútó bẹ́ẹ̀ máa ń lọ lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún, pàápàá lẹ́yìn tí ewé bá ti wọ́ tán, nígbà tí gbogbo waterbar máa ń dí. Kí ẹ tó gbà á, ẹ bá ẹni tó ń ṣe é lọ́wọ́ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀.