"A ti gba iṣẹ́ yín"

Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré yìí ti mú kí òǹkọ̀wé púpọ̀ ṣe àríyá ṣáájú àkókò. Ẹnìkan jókòó sí Kàbà, ó fi ìtàn ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà kan ní Èkó tàbí ní Ìbàdàn. Kò pẹ́, èsì dé sórí fóònù: "A ti gba iṣẹ́ yín." Ló bá pe ìyá, ó pe ẹ̀gbọ́n, ó pe olùkọ́ tó kọ́ ọ ní Yorùbá. Ohun tí olóòtú ní lọ́kàn kò ju pé iṣẹ́ náà ti dé lọ. Kò tíì kà á.

Ẹ̀bi ta ni? Ọ̀rọ̀ náà ló ní ojú méjì. Gbà ni à ń lò bí nǹkan bá tẹni lọ́wọ́, gbà náà la tún ń lò bí a bá fara mọ́ nǹkan. Olóòtú tó bá ro ti ẹni tó ń retí èsì á kọ "Iṣẹ́ yín ti tẹ̀ wá lọ́wọ́" lọ́jọ́ tó dé. Bó bá wá yàn án, á kọ "A ó gbé e jáde" tàbí "A ó tẹ̀ ẹ́ jáde". Kò sẹ́ni tí yóò ṣi èyí lóye.

Ti kọ̀ le ju ti gbà lọ. A mọ̀ pé kọ ni ti gègé, kọ̀ ni ti àìfẹ́, kọ́ ni ti ilé àti ẹ̀kọ́, a sì máa ń rò pé àmì ohùn ti parí ìjà. Kò parí i. Ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá jẹ́ àbọ̀ rẹ̀. Ẹ wo "Wọ́n kọ ìtàn Adé." Ṣé àwọn ló jókòó kọ ìtàn nípa Adé ni, àbí Adé ló kọ tirẹ̀ tán, wọ́n ní àwọn kò fẹ́? Ẹ fi gbogbo àmì sí i pátá, kò sí ìyàtọ̀ lójú, kò sí létí. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ló ń tú u fó: "wọ́n kọ ọ́" ni ti gègé, "wọ́n kọ̀ ọ́" ni ti àìfẹ́. Nítorí náà, olóòtú tó bá fẹ́ dá iṣẹ́ padà, kó má wulẹ̀ lo ọ̀rọ̀ náà rárá. "A kò ní lè lo ìtàn yìí" ti tó, ó sì rọ̀ létí ju kíkọ̀ lọ.

Àwọn tó ń kọ ìkéde pàápàá ní ẹjọ́ láti jẹ́. Mo máa ń rí "Ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ kí oṣù tó parí." Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó bá ka èyí á bi ara rẹ̀ pé kí lòun ṣe tí wọ́n fi ní kí òun lọ jókòó sílé. Yorùbá kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún olóòtú. Ó ń fi í ránṣẹ́ ni, tàbí kó fi í ṣọwọ́ sí i. Mo fẹ́ràn fi ṣọwọ́ jù, nítorí pé ó jẹ́ ká mọ̀ pé ọwọ́ ẹnìkan ló ń lọ, kì í ṣe inú ẹ̀rọ lásán.

Kí òǹkọ̀wé náà sì pe ohun tó fi ṣọwọ́ lórúkọ rẹ̀. Àròkọ kì í ṣe ìtàn àròsọ. Bí ẹ bá kọ èrò yín lórí ọjà Kàbà, àròkọ ni. Bí ẹ bá dá ìyá aláta kan sílẹ̀ láti inú ọkàn yín, tí ẹ sì jẹ́ kó máa rìn, ìtàn àròsọ ni. Ní ọdún 1929, nígbà tí I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà Sẹ̀gilọlá sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, àwọn òǹkàwé kan gbà pé obìnrin gidi ló ń sọ̀rọ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ó dùn fún Thomas. Olóòtú òde òní kò ní rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí ọ̀rọ̀ tó gbòde báyìí, ti ìwé àtìgbàdégbà tó ní òun ń gba tẹrú tọmọ wọlé. Àwọn kan ń wá ọ̀rọ̀ tuntun fún un, wọ́n ń so ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń hun agbọ̀n. Kí la fẹ́ fi ṣe, nígbà tí a ní kó mọ́ra? Ìwé akónimọ́ra ni. Ọ̀rọ̀ tí à ń sọ nípa ẹni tí ilé rẹ̀ kì í dá ni. Ní ti akọ àti abo, èdè wa ti ṣe iṣẹ́ yẹn ṣáájú wa: ó àti òun kò bi ẹnikẹ́ni bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Ẹ̀ka-èdè ni ibi tí a ti ń ti ilẹ̀kùn. Ìkéde á ní gbogbo ọmọ Yorùbá ló lè kọ̀wé, á sì fi kún un nísàlẹ̀ pé Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan ni. Àjùmọ̀lò wo? Láti ìgbà tí Crowther ti tẹ ìwé gírámà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, tí Ìwé Ìròyìn sì bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859, ọ̀nà Ọ̀yọ́ àti ti àwọn míṣọ́nnárì ló di ọ̀nà ìwé. N kò bá a jà. Òun ni mo fi ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n Owé tó wà ní Kàbà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, àwọn tí à ń pè ní Òkun nítorí ìkíni wọn, kò sí níbi tí wọ́n ti ń fi òkúta ìpìlẹ̀ yẹn lélẹ̀. Ìjọba Àríwá ni wọ́n wà lábẹ́ rẹ̀ títí di 1967, wọ́n di ara Kwara, wọ́n sì bá ara wọn ní Ìpínlẹ̀ Kogí ní 1991.

Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni ayé fi mọ àwọn òǹkọ̀wé wọn tó lókìkí. Olú Ọbáfẹ́mi, ọmọ Akútúpà ní Bùnú, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ eré orí ìtàgé. Òun náà ló sì túmọ̀ Àdììtú Olódùmarè ti Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì. Pius Adésanmí, ọmọ Ìsánlú, tó kú nínú ìjàǹbá bàálù ní 2019, Gẹ̀ẹ́sì ló fi gba ẹ̀bùn Penguin fún àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ Áfíríkà ní 2010. Kì í ṣe pé èdè ilé kò sí lẹ́nu wọn.

Ká ní ẹnìkan láti Bùnú fi ìtàn ìsìnkú ìjòyè ṣọwọ́, tí aṣọ ìpò wà nínú rẹ̀. Olóòtú tí kò gbọ́ ọ rí á pa á rẹ́, á fi "aṣọ òkú" dípò rẹ̀, á ní òun tún un ṣe. Kò tún un ṣe, ó bà á jẹ́ ni. Aṣọ pupa ni ìpò, wíwun ni, ó ní ẹni tí wọ́n ń fi í yẹ́ sí. "Aṣọ òkú" lè jẹ́ àlà funfun lásán. Ṣíṣe àtúnṣe ni kí olóòtú fi àmì ohùn sí ibi tó yẹ. Bó bá ti ń pààrọ̀ orúkọ nǹkan, òun náà ti di òǹkọ̀wé nìyẹn, kó fi orúkọ rẹ̀ sí i.

Ó ṣeé ṣe láti ṣe é dáadáa. Ní 2016, Jalada, ìwé àtìgbàdégbà àwọn òǹkọ̀wé Áfíríkà, gbé ìtàn kan tí Ngũgĩ wa Thiong'o kọ ní Gĩkũyũ jáde, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè tó lé ní ọgbọ̀n. Kọ́lá Túbọ̀sún ló túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Wọn kò ní kí èdè kan kọ́kọ́ wọ aṣọ èdè mìíràn kó tó wọlé.

Ìmọ̀ràn mi fún ọmọ Òkun tó ń fi iṣẹ́ ṣọwọ́ kò pọ̀. Ẹ lè fi àjùmọ̀lò rọ́ ìtàn náà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ máa sọ Owé tàbí Ìyàgbà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ nínú lẹ́tà yín ṣáájú, kí olóòtú má rò pé àṣìṣe ni. Nípa lẹ́tà náà, "Olóòtú mi ọ̀wọ́n" ti sú mi. Gẹ̀ẹ́sì ló wọ agbádá. Ẹ kọ "Òkun o." Bí olóòtú kò bá mọ̀ ọ́n, á bèèrè.