A Kì Í Fi Ojú Olójú Ṣòwò

A kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Òwe yìí ló yẹ kó wà lọ́kàn ẹ̀yin òbí wa ní Òkákà nígbà tí ọmọ bá yege WAEC tán, tó ní ẹ̀kọ́ ìbáṣepọ̀ láàrin àwọn orílẹ̀-èdè lòun fẹ́ kà, tí ọ̀nà sì pín sí méjì: Ilé-Ifẹ̀ tàbí Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin.

Ẹ má bá ọmọ náà wí pé ó yan ẹ̀kọ́ yìí. Nígbà tí ìjọba ti bodè pa ní oṣù Kẹjọ 2019, tí wọ́n tún pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já epo sí ilé epo tó wà láàrin kìlómítà 20 sí bodè, àwọn ará Okerete lápá Ṣakí, lẹ́bàá bodè, kò nílò olùkọ́ kí wọ́n tó mọ ohun tí aáwọ̀ láàrin orílẹ̀-èdè méjì lè fi ojú ọlọ́kadà àti oníṣòwò rí.

Àwọn ajẹ́ńtì tó ń wá akẹ́kọ̀ọ́ fún ilé-ìwé Kútọnu a máa sọ pé kò sí JAMB ní Kútọnu, kò sí ìyanṣẹ́lódì, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ́ni, kíá lọmọ yóò sì jáde. Ti ìyanṣẹ́lódì kì í ṣe irọ́: oṣù mẹ́jọ gbáko ni ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, fi daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 2022. Ṣùgbọ́n ṣàn-án là ń rìn, ajé ní í múni pá kọ̀rọ̀. Ní ìparí ọdún 2023, akọ̀ròyìn Daily Nigerian, Umar Audu, fi hàn pé kò tó oṣù méjì tí òun fi gba ìwé ẹ̀rí dìgírì ní Kútọnu láìjókòó ní kíláàsì, ó sì fi ṣe àgùnbánirọ̀. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá gbígba dìgírì láti Benin àti Togo dúró. Ẹni tó kàwé tọkàntọkàn níbẹ̀ wá ń jẹ nínú ìyà ẹni tó ra dìgírì. Ó dùn mí púpọ̀.

Ohun tí mo rí rèé. Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó bá wa pààlà lórí ilẹ̀ ló ń lo Faransé. Faransé yẹn gan-an ni ọrọ̀ tí Kútọnu ní. Ọmọ tó lọ síbẹ̀ lọ fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé ti fi ẹran sílẹ̀, ó ń jẹ egungun. Bí ẹ bá fẹ́ Benin, ẹ jẹ́ kó jẹ́ yunifásítì ìjọba wọn ní Abomey-Calavi, kí ọmọ sì kọ́kọ́ gbọ́ èdè náà dáadáa.

Bí ó bá kù sọ́wọ́ mi, yunifásítì Ifẹ̀ ni màá mú. Ọdún 1977 ni wọ́n dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìbáṣepọ̀ láàrin àwọn orílẹ̀-èdè sílẹ̀ níbẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlájídé Àlùkò sì wà lára àwọn tó fẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀. Yunifásítì ìjọba ni, nítorí náà ọmọ lè béèrè ẹ̀yáwó ìjọba fún akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND, èyí tí kò sí fún ọmọ yunifásítì aládàáni. Kí ó rí i pé Ifẹ̀ ló fi ṣe àkọ́kọ́ nínú fọ́ọ̀mù JAMB. Bí kò bá wọlé lọ́dún yìí, kó tún JAMB ṣe. Bí ìyanṣẹ́lódì bá sì dé, kó gba abúlé ẹ̀kọ́ Faransé tó wà ní Àjàrà, Badagry, lọ, kó lọ béèrè irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní.

Kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni, ẹ wọkọ̀ lọ sí ilé-ìwé náà fúnra yín. Ẹ jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ẹ wá ẹni tó ti gboyè jáde níbẹ̀, ẹ bi í léèrè ibi tó ti ń ṣiṣẹ́.