Bí Ìjì Bá Ń Bọ̀, Ẹ Kọjú Alùpùpù sí Djougou

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń fi zémidjan, alùpùpù akérò, jẹun láàárín Manigri, Bassila àti Pénéssoulou, bí ojú ọ̀run bá ti ṣú báyìí, ọ̀rá tí ẹ máa fi bo ìjókòó lẹ kọ́kọ́ ń wá. Òjò lẹ ń sá fún. Inú òjò yìí kan náà lẹ sì ti ń gun alùpùpù láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, kò pa á. Afẹ́fẹ́ tó ń ṣáájú òjò ló ń bì í ṣubú, òun ló ń fọ́ díńgí àti iná rẹ̀, òun ló ń da epo inú táńkì rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí á yan ibòmíràn gbé e sí.

Ìjì tó le jù lágbègbè wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, ó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Bí òjò ṣe ń já bọ́ láti inú ìkùukùu sínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, díẹ̀ nínú rẹ̀ á gbẹ kó tó dé ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á tutù, á wúwo, á já lulẹ̀, á sì tú síwájú òjò. Ìdí nìyẹn tí eruku fi ń dé kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó kán. Bí eré afẹ́fẹ́ bá sì di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti nǹkan á di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ tí a fi ń dá alùpùpù dúró: ọwọ́ òsì ló wà, ọwọ́ òsì náà ni alùpùpù ń tẹ̀ sí. Afẹ́fẹ́ tó bá ti ọ̀tún wá á máa tì í mọ́ ẹsẹ̀ yẹn. Èyí tó bá ti òsì wá á gbé e dìde, á sì dà á dé. Ẹ jẹ́ kí ojú rẹ̀ wo àríwá, ìhà Djougou, kí ọ̀tún rẹ̀ kọ sí ìlà-oòrùn. Ẹ fi sí jíà kìíní kó má baà yí, kí ẹ sì fi òkúta pẹlẹbẹ tẹ́ ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀, nítorí ilẹ̀ tó rin á gbé e mì.

Ẹnìkan á ní ìjì mìíràn a máa ti ibòmíràn wá. Òótọ́ ni, pàápàá òjò kékeré tó ṣú lójijì. Nítorí rẹ̀ ni okùn ṣe yẹ: ẹ so ara irin alùpùpù, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀, mọ́ òpó tó rinlẹ̀. Ẹlòmíràn á ní abẹ́ máńgòrò ni bàbá òun ń gbé tirẹ̀ sí. Igi ń gba òjò dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ka rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń kọ́kọ́ ṣẹ́, mànàmáná sì fẹ́ràn igi gíga. Ògiri amọ̀ tí omi ti wọ̀ àti páànù tí ìṣó rẹ̀ ti tú kò sàn ju igi lọ. Tapólì ńlá tí ẹ fi bò ó pátá lèmi kò fẹ́ rárá: ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi ni yóò dà. Ẹ bo ìjókòó nìkan, kí ẹ dè é mọ́lẹ̀ pinpin. Ẹ lè gbé e wọ yàrá o, bí kò bá sí iná ìdáná tàbí fìtílà níbẹ̀.

Bí ìjì bá rọlẹ̀, ẹ má sáré tẹ̀ ẹ́. Bí omi bá ti wọ ẹ́ńjìnnì, kò ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́, irin inú rẹ̀ ni yóò tẹ̀. Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ tẹ omi náà jáde. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi wàrà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí wáyà iná bá sì já lu alùpùpù, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé sún mọ́ ọn, àfi ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ SBEE, iléeṣẹ́ iná mànàmáná, bá ti pa iná.