“Ọrùn Mi Ló Wà”: Ṣé Ẹ̀bi Ẹni Tí A Rán Níṣẹ́ Ti Tán Nìyẹn?

Ìbéèrè: Mo ń bá ìyá kan ta epo pupa n'Íbàdàn. Bí epo bá ti pẹ́ nílẹ̀ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, wọ́n á ní kí n da àwọ̀ pupa kan tó rí lẹ́búlẹ́bú sí i, kó lè dán lójú oníbàárà. Nígbà tí mo sọ pé ẹ̀rù ń bà mí, wọ́n ní, “Ọrùn mi ló wà, kì í ṣe tìrẹ.” Wọ́n tún pa á lówe pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà yìí kan náà ló ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Èwo ni kí n dì mú? Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń gbé, èmi àti ọmọbìnrin mìíràn la sì jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ìbéèrè tó yẹ kí ènìyàn béèrè lo béèrè yìí, ọmọ mi. Ohun tó rú ọ lójú ni pé òwe méjì jọ bí ẹni ń ta ko ara wọn, àti pé ẹni tí o ń jẹun lábẹ́ rẹ̀ ti fi ẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀bi náà. Ṣé bí wọ́n ti gbà á yẹn, ó ti kúrò lọ́rùn tìrẹ?

Rárá. Ẹ̀bi tiwọn pọ̀ ju tìrẹ lọ, ṣùgbọ́n wọn kò lè gba tìrẹ mọ́ tiwọn. Ẹ̀bi kì í ṣe ẹrù orí tí ẹnìkan lè sọ̀ fún ọ kó sì gbé e lọ.

Òwe tí wọ́n pa fún ọ, òwe ìgboyà ni. Ìránṣẹ́ tí àyà ń já láti jíṣẹ́ níwájú ẹni ńlá là ń pa á fún, kó má baà gé ọ̀rọ̀ kúrú tàbí kó yí i padà. Kò sọ pé kí a má ro ti ẹni tí iṣẹ́ náà yóò pa lára. Òwe epo lájà ló bá ọ̀rọ̀ rẹ mu, mo sì fẹ́ kí o fi ẹ̀kẹta kún un: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo fẹ́ràn òwe yìí gan-an. Ó gbà pé a lè rán ènìyàn níṣẹ́ tí kò dára, kò sì bú ẹni tí a rán. Ó kàn ń sọ fún un pé láti ibi tí wọ́n ti rán an títí dé ibi tó ń lọ, ọgbọ́n inú rẹ̀ ṣì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Òfin náà kò rí i lọ́nà mìíràn. Abala 7 nínú Criminal Code ti ìjọba àpapọ̀ ka ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan, ẹni tó ràn án lọ́wọ́ àti ẹni tó ní kó ṣe é mọ́ àwọn tó jọ dá ẹ̀ṣẹ̀ náà. Abala 32 ṣàánú ẹni tí wọ́n fi ikú tàbí ìpalára ńlá halẹ̀ mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìbẹ̀rù pé iṣẹ́ á bọ́ kò sí lára rẹ̀.

Ní ti àwọ̀ náà, èyí tí wọ́n sábà ń bá nínú irú epo bẹ́ẹ̀ ni Sudan IV, aró tí wọ́n ń fi sí òróró ẹ̀rọ, ìda àti ìpara bàtà. Kì í ṣe ohun jíjẹ. Ní 2015, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Gánà yẹ epo wò káàkiri ọjà Accra, wọ́n sì bá a nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Bí tiyín bá tilẹ̀ jẹ́ òmíràn, ẹ ṣì ń fi tan ẹni tó ń rà á ni.

Má rò pé ọkàn rẹ ló rọ̀ jù tí àṣẹ ọ̀gá fi ń borí rẹ. Ní 1961, Stanley Milgram ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn ènìyàn bíi tèmi tìrẹ máa tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n gbà pé ó ń fi iná mànàmáná gbe ẹlòmíràn. Iná kankan kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀. Nínú 40, 26 tẹ̀ ẹ́ dé òpin, níbi tí wọ́n kọ 450 volt sí. Àwọn mìíràn ń làágùn, ara wọn ń gbọ̀n, síbẹ̀ wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Bí ẹnìkan bá sì béèrè ta ni yóò dáhùn bí nǹkan bá ṣe ẹni tí iná ń gbe, ẹni tó ń darí wọn á ní òun ni. Ṣé o rí i pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún ìwọ náà nìyẹn? Ṣùgbọ́n nígbà tí Milgram fi ènìyàn méjì jókòó ti ẹni tí wọ́n ń dán wò, tí àwọn méjèèjì sì kọ̀ lójú rẹ̀, 4 péré nínú 40 ló tẹ̀ ẹ́ dé òpin.

Èyí tí o ti dà sínú epo kí ẹ̀rù tó bà ọ́, o kò mọ̀ ọ́n, má fi pa ara rẹ lẹ́kún. Láti ìgbà tí o ti fura ni ọ̀rọ̀ ti di tìrẹ.

Bí o bá fẹ́ bá ìyá sọ̀rọ̀, kúnlẹ̀. Má fi ẹ̀sùn kàn wọ́n, má sì dárúkọ òfin sí wọn. Sọ pé, “Ẹ má bínú, Mà, gbogbo iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni mo lè ṣe, èyí nìkan ni n ò lè ṣe.” Bí wọ́n bá fárí gá, ẹni tó mú ọ dé ọ̀dọ̀ wọn ni kí o sáré lọ bá, nítorí o gbọ́dọ̀ ní ibi tí wàá sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n kí o tó kúnlẹ̀ rárá, kọ́kọ́ bá ọmọbìnrin kejì yẹn sọ ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù ti máa ba òun náà tipẹ́, kẹ́ ẹ sì lè jọ lọ bá ìyá kí epo mìíràn tó dé.