Àpótí Ìmọ̀: Ohun tí ó ń mú kí bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì pẹ́

Bátìrì máa ń tọ́jú agbára iná pa mọ́. Wáàtì-wákàtí, tí àmì rẹ̀ jẹ́ Wh, la fi ń wọn agbára tó wà nínú rẹ̀. Wáàtì, tí àmì rẹ̀ jẹ́ W, la fi ń wọn bí ẹ̀rọ ṣe ń yára jẹ agbára náà.

Iye wákàtí = Wh ÷ W

Àpẹẹrẹ: Ká ní bátìrì tábúlẹ́ẹ̀tì kan gba 28 Wh. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ dé góńgó, Wi-Fi àti Bluetooth wà ní títàn, ó sì ń jẹ 7 W.
28 ÷ 7 = wákàtí 4.

A wá dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, a pa Wi-Fi àti Bluetooth tí a kò lò. Ó wá ń jẹ 4 W.
28 ÷ 4 = wákàtí 7.

Bátìrì kan náà ni, ṣùgbọ́n a jèrè wákàtí 3. Ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀rọ ni kí o kọ́kọ́ dín kù, nítorí òun ló sábà máa ń jẹ iná jù.

Rántí: Ooru máa ń tètè sọ bátìrì lithium, irú èyí tó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì, di ògbólógbòó. Má ṣe fi tábúlẹ́ẹ̀tì sínú oòrùn tàbí sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí ó bá ń gba iná.

Dán an wò: Bátìrì kan gba 30 Wh, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń jẹ 5 W. Wákàtí mélòó ni yóò fi ṣiṣẹ́?